Gààrí Bàbá Ọkọ Mi Ní Tẹ́ṣàn

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú kan bàbá ọkọ mi ní Ṣakí. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ti sọ ọ́ kiri títí, ó sàn kí n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́, kí wọ́n má baà fi iyọ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún yín. Ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí òun bí mi, agbẹ̀bí ò tíì gbá mi nídìí tí mo ti ké. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé mo ń bá agbẹ̀bí jà. Ìdí agbada gààrí ní Ìgànná ni mo sì dàgbà sí. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń ké lápá kan, iná ń ta lápá kejì, obìnrin bíi mẹ́wàá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá gbé ohùn sókè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọmọ Ṣakí ni ọkọ mi, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìgànná ni wọ́n ti so yìgì wa. Bàbá ẹ̀ ò lè wá lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un n'Íbàdàn ni, àbúrò ẹ̀ ló dúró fún un. Bó ṣe di pé mo ti di ìyàwó fún oṣù mẹ́ta nìyẹn, tí n ò tíì rí bàbá ọkọ mi sójú. Fọ́tò ẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ti rí, ti ayé àtijọ́: ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan nínú yúnífọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, irunmú ẹ̀ nípọn bí ìgbálẹ̀, ó wá fojú le koko mọ́ ẹni tó ń yà á. Sájẹ́ǹtì ni kó tó fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ní bàbá yìí ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò fẹ́ ìyàwó aláfojúdi nínú ilé òun. Àwọn kan ló lọ sọ fún un pé àwọn obìnrin ìdí gààrí Ìgànná, ẹnu wọn mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ọkọ mi ò fi pamọ́ fún mi. Ó ní bí bàbá òun bá tẹ́wọ́ gbà mí lọ́jọ́ tí mo bá wá, yàrá méjì ti wà nílẹ̀ fún wa nínú agbo ilé. Bí wọn ò bá tẹ́wọ́ gbà mí, kí n jókòó sí Ìgànná, òun ó máa wá wò mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyàwó oṣù mẹ́ta! Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré lára mi.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi fi ń kọ́ mi. Kí n kúnlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe kí n kàn tẹ orúnkún bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Kí n má wo bàbá lójú. "Èyí tó ga jù," ó ní, "o ò gbọdọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ ẹ. Bí wọ́n bá yọ ìbọn sí ọ, má pè é." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló máa yọ ìbọn sí mi lórí orúkọ bàbá oníbàbá?

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbéra. Mo gbé àpò gààrí kan dání fún bàbá ọkọ mi, gààrí tí mo fọwọ́ ara mi yan, tí mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó gbẹ, tó ń dún ṣaṣa bí èèyàn bá bù ú. Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò, mo gbé àpò lé itan, mo ń fi "Ẹ káàsán, Bàbá" kọ́ ẹnu mi láìlohùn. Àdéhùn wa ni pé ọkọ mi máa wá pàdé mi ní gáréèjì Ṣakí, torí n ò mọ ilé.

A kọjá Ofiki díẹ̀ báyìí la bá àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gbé igi dínà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa, Kọ́ńsítébù, yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ ti gba eruku pupa. Òun náà ló ń wọ́ igi yẹn síwá sẹ́yìn fún mọ́tò tó bá ń kọjá. Ó ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Gààrí ni."

"Tú u. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi gààrí bo ìrẹsì Kútọnu mọ́lẹ̀."

Mo tú u. Mo rò pé ó máa wò ó lójú ni. Háà! Ọwọ́ tó fi ń wọ́ igi, ọwọ́ tó ti dúdú fún epo ọkọ̀, ọwọ́ yẹn náà ló tì bọ inú gààrí bàbá ọkọ mi dé ìgúnpá! Ó rò ó títí, kò rí ìrẹsì kankan. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó yínmú.

"Gààrí yìí ò yan dénú," ló wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bú bàbá mi, ẹ bú ìlú mi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n gààrí tí mo yan! Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

"Ìwọ yìí! Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ pé kí o fọwọ́ kí o tó tọwọ́ bọ gààrí onígààrí ni?"

Dẹ́rẹ́bà wa di ojú ẹ̀. Kọ́ńsítébù ní, "Kí lo sọ?"

Ẹni tí orí ẹ̀ pé, "ẹ má bínú, ọ̀gá" ni ì bá sọ níbẹ̀. Èmi tún un sọ, mo sì fi jáárá sí i: "Àbí ìyá ẹ náà kì í fọwọ́ ni?"

Ojú ẹ̀ yí padà. Kò pariwo, kò gbá mi létí. Ó kàn rọra sọ pé, "O bú ìyá mi. Bọ́ sínú ọkọ̀ wa." Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo bi í pé kí ni mo jí. Ó ní n ò jí nǹkan kan, àfojúdi sí ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ẹnu yà mí. Wọ́n ń tìtorí ẹnu mú èèyàn? Dẹ́rẹ́bà bẹ̀bẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni, wọ́n ń retí ẹ̀ nílé ọkọ." Ìyá kan tí a jọ wọkọ̀ gbá mi lápá: "Ọmọbìnrin yìí, bẹ̀ ẹ́, kí a máa lọ!" Èmi ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo ní n ò bẹ ẹnì kankan, pé mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé èébú ò sí nínú òfin. Ẹ gbọ́ agbẹjọ́rò ìdí agbada!

Nǹkan tó dùn mí jù ni pé kò béèrè kọ́bọ̀. Ká ní ó béèrè ni, ǹ bá rí nǹkan fi bú u. Ó gbé mi, ó gbé àpò gààrí mi náà, ó ní ẹ̀rí ni. Mọ́tò wa ṣí lọ. Bí mo ṣe wọ Ṣakí lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, èmi ìyàwó tuntun, mo di àpò gààrí mú lórí itan. Àwọn ọlọ́kadà ń nàka sí mi. Mo fa ìborùn bojú, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ará ilé ọkọ mi kankan má rí mi.

Ní tẹ́ṣàn, obìnrin ọlọ́pàá kan wà nídìí káńtà pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, bàbá kan jókòó, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó dé fìlà, gíláàsì ojú ẹ̀ nípọn, ó ń jẹ ẹ̀pà nínú bébà. Mo rò pé ó wá gba béèlì ẹnìkan ni. Èmi ò ráyè tiẹ̀.

Obìnrin náà kọ orúkọ mi, ó kọ Ìgànná, ó wá bi mí níbi tí mò ń lọ.

"Ilé ọkọ mi."

"Kí lorúkọ ọkọ ẹ?"

"Olówó Orí Mi."

Ó gbójú sókè. "Mo ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kì í pè é."

"Ó dáa. Ti bàbá ọkọ ẹ ńkọ́? Ilé ta ni ká lọ sọ pé o wà níbí?"

"Yéè, ìyẹn gan-an ni n ò jẹ́ pè!"

Kọ́ńsítébù lu káńtà. "Ẹ rí i? Ẹ rí àfojúdi tí mò ń wí? Wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní tẹ́ṣàn, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀, kò dáhùn!"

Orí mi fò lọ. Ẹ gbà mí o! Mo hùwà àfojúdi, wọ́n mú mi. Mo wá hu ìwà ọmọlúàbí, àní ẹyọ kan ṣoṣo tí mo hù láti àárọ̀, wọ́n tún fẹ́ fi kún ẹ̀ṣẹ̀ mi! Mo pariwo pé, "Kì í ṣe àfojúdi, ọ̀wọ̀ ni! Ta ló ń pe bàbá ọkọ ẹ̀ lórúkọ níbi tẹ́ ẹ ti wá?" Kọ́ńsítébù yí ìbọn tó gbé kọ́ èjìká sí ọ̀tún. Kò yọ ọ́ sí mi o, ó kàn wúwo fún un ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn, mo di ojú, mo kígbe pé, "Ẹ kúkú yìn mí! N ò pè é!"

Bàbá orí bẹ́ǹṣì dá ẹ̀pà jíjẹ dúró, ó gbójú sókè wò mí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú ẹ̀. Ó gba fóònù mi, ó pe ẹni tí mo kọ "Olówó Orí Mi" sí i. Mo gbọ́ igbe ọkọ mi láti ibi tí mo dúró sí: "Tẹ́ṣàn kẹ̀!" Ó ní òun ń bọ̀. Obìnrin náà wá ní kí n lọ jókòó.

Mo jókòó ti bàbá. Ó na bébà ẹ̀pà sí mi, mo bù díẹ̀, ebi kúkú ti ń pa mí. Ó ní kí ló dé, mo bá rò fún un láti orí dé ìdí: gààrí, ọwọ́ epo, ìyá tí kì í fọwọ́, gbogbo ẹ̀. N ò mọ orúkọ ẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́pà ni mo ń pè é. Ó ń mi orí. Ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá ọkọ ẹ tó ò ń lọ kí yìí, irú èèyàn wo ni?"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá kó ẹ̀pà yẹn sẹ́nu tán, kí n má lè sọ̀rọ̀.

"Hà, Bàbá Ẹlẹ́pà, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ọlọ́pàá lòun náà o! Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀hún ò fẹ̀yìn tì lára ẹ̀. Wọ́n ní ìyá ọkọ mi jó ọbẹ̀ ilá lọ́jọ́ kan, ó ní kó jókòó, ó gba sitétímẹ́ǹtì lẹ́nu ẹ̀!"

Ẹ̀pà pá bàbá náà lórí. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, mo ń gbá a lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, Bàbá. Wọ́n ní irunmú ẹ̀ nìkan, bí ọmọdé bá rí i, ńṣe ni wọ́n ń wá ibi sá sí."

Ó fọwọ́ kan òkè ètè ara ẹ̀. "Bóyá ó ti fá a," ó ní.

"Irú wọn kì í fá a, Bàbá. Kí ni wọ́n máa fi dẹ́rù bani?"

Ó nu ojú gíláàsì ẹ̀, ó dìde. "Kọ́ńsítébù!" Ohùn tó jáde lára bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, àyà mi já. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dúró ṣánṣán bí òpó iná, ó ní, "Sà!" Mo ní nínú ara mi pé, ó dájú pé ìjòyè ni bàbá yìí.

"Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí?"

"Ó bú mi, sà. Ó bú ìyá mi."

"Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ní o ò ní yẹ ẹrù òun wò?"

"Ó tú u fún mi, sà."

"Ìyá ẹ ńkọ́, ṣé òun náà wọ yúnífọ́ọ̀mù lónìí?"

"Rárá, sà."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi wọ aṣọ yìí," bàbá ní, "kò sí ọjọ́ kan tí wọn ò bú mi. Bí mo bá ń ti ẹni tó bú mi mọ́lé, ta ni ì bá ṣẹ́kù ní Ṣakí tó máa sìn mí tí mo bá kú? Ọ̀daràn ni wọ́n ní ká mú. Wọn ò ní ká mú aláfojúdi." Ó wá yíjú sí obìnrin ìdí káńtà. "Ẹjọ́ gààrí ò ṣeé dá láì tọ́ gààrí wò. Ẹ bá mi mú kọ́ọ̀pù àti omi wá. Kọ́ńsítébù, lọ fọwọ́ ẹ kí o tó bù ú."

Ó fọwọ́. Ó bu gààrí ẹ̀rí sínú kọ́ọ̀pù láti ìdí àpò lọ́hùn-ún, bàbá da omi sí i, ó da ẹ̀pà lé e, ó mu ún tán lórí ìdúró. Ó nu ẹnu. "Gààrí yìí yan dénú," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Inú mi dùn, mo fò sókè. Mo ti la ẹnu kí n tún sọ ọ̀kan sí Kọ́ńsítébù, pé ṣé ó ti gbọ́, ló bá sọ̀rọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Sà, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi dọ̀tí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wọ́ igi yẹn. Ìyá mi ló kọ́ mi láti máa fọwọ́. Ọdún tó kọjá ló kú."

Ẹnu mi tó ti là, ó là bẹ́ẹ̀. Bàbá wò mí. "Òfin ti dá ọ sílẹ̀," ó ní. "Ó ku ìwọ àti ẹnu ẹ."

Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ìkúnlẹ̀ tí ìyá mi fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ mi, tí mo fi pamọ́ de bàbá ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Gààrí ló ká mi lára, ẹnu mi ò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró." Ó ní ó ti tán, kí n dìde, pé kò yẹ kí òun náà yínmú.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí ọkọ mi sáré wọlé, bàtà ẹ̀ kan ti já. Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ó kọjá lára mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ẹlẹ́pà.

"Bàbá mi, ẹ má bínú! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ìyàwó yìí!"

Mo wo ọkọ mi nílẹ̀. Mo wo bàbá. Mo wo òkè ètè ẹ̀, mo bá fi ojú inú lẹ irunmú mọ́ ọn. Yéè! Òun ni! Gbogbo ohun tí mo sọ lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí mi létí níkọ̀ọ̀kan, àti pé mo fi ọwọ́ gbá bàbá ọkọ mi lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń rọ́ lágbo. Àwọn yàrá méjì yẹn fò lọ lójú mi. Mo ní ó ti tán, Ìgànná ni màá kú sí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi. Ó ní, "Kì í ṣe ọbẹ̀ ilá."

"Ẹ... ẹ ní kí ni, sà?"

"Ẹ̀gúsí ni. Ojú ewé méjì ló sì kọ."

Obìnrin ìdí káńtà sá wọ yàrá ẹ̀yìn, a ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti ibẹ̀. Bàbá wá sọ fún ọkọ mi pé àwọn obìnrin ilé ló lé òun jáde kí wọ́n lè ráyè sebẹ̀ de ìyàwó, ni òun bá wá jókòó sí tẹ́ṣàn bí òun ṣe máa ń ṣe. "Nígbà tó ti ní wọ́n kúkú lè yin òun níbọn, òun ò ní pè mí lórúkọ, ni mo ti mọ̀ pé tèmi ni," ó ní. "Ó bú mi ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí kò mọ̀ pé mo wà ló ti bọ̀wọ̀ fún mi. Gbé àpò gààrí mi, ká máa lọ ilé."

A kó wọ yàrá méjì yẹn kí oṣù tó parí. Bí ìyàwó tí kì í pe orúkọ ṣe máa ń fún ará ilé ọkọ lórúkọ tuntun, Bàbá Ẹlẹ́pà ni mò ń pè é dòní, gbogbo agbo ilé ló sì ti bá mi gbé e. Kọ́ńsítébù yẹn náà ti mọ ilé wa. Bó bá wá mu gààrí, á kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n yẹ̀ wọ́n wò, omi á ṣì máa kán lára wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé òfin ò gbọdọ̀ tìtorí ẹnu gbé èèyàn tì mọ́lé, èmi ò ní yé sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ò lè mú, ó lè dun ọmọ ọlọ́mọ dé egungun, ẹ̀wọ̀n ò sì lè tún ìyẹn ṣe. Mo ń gbìyànjú. Bí inú bá wá bí mi nínú agbo ilé, tí ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè bíi ti ìdí agbada, Bàbá Ẹlẹ́pà ò ní bá mi wí. Á kàn nahùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ẹ mú bébà àti bírò wá fún ìyàwó mi," ẹ̀rín á pa mí, màá sì dákẹ́.